Obì Ìrọ̀lẹ́

Natako, Lọ́kọ́jà
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 1991

Salome Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Okun o. Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ti dẹ̀ fún ọ díẹ̀? Ṣé iṣẹ́ òru yẹn ò tíì tán ọ lókun? Àwa wà láàyè níhìn-ín. Fọlákẹ́, ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi gbé, kí ọ, ó ní kí o rántí bàtà òun. Bùràímọ̀ ọ̀rẹ́ mi náà kí ọ. Orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ kò ní nǹkan kan.

Lẹ́tà rẹ ti ń pẹ́ jù. Èyí tí mo rí kẹ́yìn, ọdún Kérésìmesì ni. Ojú ti ń tì mí láti máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ará pósófíìsì bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn, màá sùn, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ á fi jí mi. Bí mo bá fi máa padà dórí bẹ́ẹ̀dì, ó tán nìyẹn. Màá yí síhìn-ín, màá yí sọ́hùn-ún, títí àkùkọ á fi kọ. Nígbà tí mo jẹ́ ofasíà ní P.W.D., tí à ń tún ọ̀nà Agbaja ṣe, orí òkúta ni mo ń sùn sí lọ́sàn-án, katapílà á máa pariwo nítòsí mi, n kò ní gbọ́. Ní báyìí, fóòmù tí o ní kí wọ́n rà fún mi wà lábẹ́ mi, ojú mi là sílẹ̀ kedere.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ṣì ń sùn sí. Ọdún kẹta rèé tí ìyá rẹ ti lọ, n kò tíì lè sùn sí àyè rẹ̀. N kò sọ ọ́ kí o lè sunkún. Bẹ́ẹ̀dì náà ló fẹ̀ jù fún ẹnìkan.

Ìwọ tí o ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó, bá mi wá oògùn oorun tí ẹ ń fún wọn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bùràímọ̀ ní òun mọ èyí tí wọ́n ń kiri lọ́jà. Mo ní rárá, n kò fẹ́ oorun tí n kò ní jí nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
S. Bámiṣayé


Leeds
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, 1991

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo ń sùn, tàbí kí n kúkú sọ pé ọ̀sán ni mo ń dùbúlẹ̀. Mo ta bùláńkẹ́ẹ̀tì bo wíńdò, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé, àwọn ọmọ aládùúgbò sì ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri mi. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

N kò ní fi oògùn oorun ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fajú ro. Bàbá arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí wọ́n ń fún ní irú rẹ̀. Ó dìde kó lọ tọ̀, oògùn ò tíì kúrò lójú rẹ̀, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ dá. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Ẹ̀yin náà ń dìde lóru, àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa sì wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì tún ṣe.

Ohun tí mo ń rí níbí ni pé oorun àgbà kì í rí bíi ti ọ̀dọ́. Ó fúyẹ́, ó sì máa ń já. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ àìsàn. Àmọ́ ẹ lè ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti jẹun alẹ́ tán, ẹ dín omi kù, bí ìtọ̀ náà bá sì ń pọ̀ jù, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò. Oorun tí ẹ ń sùn lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tó jẹ́ pé Fọlákẹ́ ló máa ń jí yín, òun náà ló ń jẹ tòru tán. Bí oorun bá kọ̀, ẹ má dùbúlẹ̀ máa bá a jà. Ẹ dìde, ẹ jókòó síbìkan, kí ẹ padà nígbà tó bá tún ń kùn yín.

Èyí tó kù ni ẹ kò ní fẹ́ gbọ́. Obì, Bàbá. Ohun tó wà nínú kọfí tí àwọn òyìnbó ń mu kí ojú wọn lè là, òun náà ló wà nínú obì, ara àgbà kì í sì í tètè lé e jáde. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń wọ́ wá sọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́. Olúkúlùkù ló ń mú obì dání, ẹ sì ń jẹ nínú ti gbogbo wọn. Ẹ fi sílẹ̀. N kò ní kí ẹ dín in kù, mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, ẹ dá a padà fún un. Ẹ bá mi ṣe ìyẹn nìkan.

Ọmọ yín,
Salome


Natako, Lọ́kọ́jà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 1991

Salome,

Mo kí ọ o. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo bínú. Mo tún un kà, Fọlákẹ́ gbọ́ tí mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o fi oògùn ránṣẹ́, o fi òfin ránṣẹ́.

Mo ti ń pa á mọ́. N kì í mu omi lálẹ́ mọ́. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí àtọ̀gbẹ, ọjọ́ orí ni. Mo tún àtẹ̀gùn ṣe. Bí oorun bá kọ̀, mo ń gbé àga síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń jókòó. Ayálégbé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá ẹ̀yìn ti ibi ọtí dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bá mi lórí àga, ó ní, "Mẹ́gáàdì, sànnú, abeg open for me." Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ni kí n sọ? Nígbà tó mú owó ilé wá lópin oṣù, tó rí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wò mí lójú.

Obì ni wàhálà. O gbàgbé ipò tí mo wà. Èmi ni àgbà gbogbo àwa Oworo tó wà ní Natako níbí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde á gbé obì wá bá mi. Bàbá ìyàwó náà á gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá jẹ ti ọ̀kan tí n kò jẹ ti èkejì, mo ti dájọ́ nìyẹn kí wọ́n tó lanu. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kéde níbi ìpàdé pé láti òní lọ, n kò jẹ ti ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Àwọn tiwa ti gbọ́, wọ́n sì ti gbà. Bùràímọ̀ nìkan ló ní àgbà tí kì í jẹ obì, kó lọ máa jẹ bisikíìtì.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sùn títí Fọlákẹ́ fi wá ń kanlẹ̀kùn. Ó rò pé mo ti kú.

Èmi náà ní òfin kan fún ọ. O ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ lọ láìrí àna. O ń ṣètò ibùsùn mi láti ìlú òyìnbó, ta ló ń ṣètò tìrẹ? Fèsì sí ìyẹn kí o tó fèsì sí ohunkóhun.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, 1991

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Inú mi dùn pé ẹ ti ń sùn. Mo ka ti mẹ́gáàdì yẹn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, a rẹ́rìn-ín títí. A ti gbọ́ pé wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀, pé Lọ́kọ́jà ti di olú-ìlú. Ẹ kú oríire.

Èsì ìbéèrè yín nìyí. Mo pẹ́ kí n tó kọ ọ́ nítorí mo fẹ́ kó dá mi lójú. Pius ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Yàgbà ni, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, yóò ti se tíì dè mí kó tó lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún méjì rèé tí a ti mọ ara wa. N kò sọ fún yín nítorí ẹ ò bá ti máa ka oṣù mọ́ mi lọ́wọ́.

Bàbá rẹ̀ ti kú. Àbúrò bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, ló dúró fún un. Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ti ní kó máa bọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Pius ti bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Yóò gbé obì wá sọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ mọ̀ pé kò ní lanu sọ ohun tó bá wá kí ẹ tó gba obì náà. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́, ìlẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn.

Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin mi fún ọjọ́ yẹn nìkan. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn jẹ ẹ́.

Salome


Natako, Lọ́kọ́jà
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 1991

Salome,

Lẹ́tà rẹ kò tíì dé, n kò sì fẹ́ dúró dè é mọ́. Bóyá ìbéèrè mi ló bí ọ nínú.

Ìlú yìí ti yí padà lójú wa. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé tọ̀sán-tòru. Àwọn kan ń sun inú mọ́tò wọn lápá Paparanda nítorí kò sí ilé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn mi: "Bàbá, ẹ bá wa wá yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ìdáná." Ó ti sú mi.

Síbẹ̀ mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ń pa òfin rẹ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì wọlé nírọ̀lẹ́. Wọ́n múra dáadáa. Èyí àgbà ní Ọláníyì lorúkọ òun, Ìlọrin ni wọ́n ti gbé òun wá. Mo mọ̀ pé yàrá náà ni. Kí wọ́n tó jókòó tán, wọ́n gbé abọ́ onídèérí kan síwájú mi, obì gidi ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí ojú ń rí tí itọ́ ń dà lẹ́nu. Mo sọ bí o ṣe ní kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ gbé e padà. A kì í gba obì nílé yìí."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí àgbà ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n sọ fún àwọn tó rán wa?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sọ fún wọn."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n lọ. Ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọn ò tilẹ̀ dárúkọ yàrá. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni mo gbóríyìn fún.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 1991

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo kà á níbi iṣẹ́.

Bóyá lẹ́tà tèmi ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, ẹ sì ti mọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn kò wá yàrá. Èmi ni wọ́n wá tọrọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì ti ránṣẹ́ sí Pius. Ó ní ẹ kò jẹ́ kí àwọn lanu, pé ẹ dá obì àwọn padà níwájú ẹlẹ́rìí, òun sì bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Pius ní ìdílé àwọn kò ní gbé obì padà lọ síbi tí wọ́n ti lé e jáde. Mo ṣàlàyé fún Pius. Ó gbọ́ mi. Àmọ́ ó ní ta ni yóò lọ sọ fún ìyá òun pé nítorí oorun ni.

Èmi ni mo ní kí ẹ dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀. Ẹ má rò pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè orúkọ bàbá ẹni tó wá ta ẹ̀pà, ṣé ẹ kò lè bi ọkùnrin yẹn léèrè ẹni tó rán an?

Ó rẹ̀ mí. Màá tún kọ̀wé.

Salome


Natako, Lọ́kọ́jà
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, 1991

Salome,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì ti dé. Èyí tó yẹ kó gbà mí sílẹ̀ dé nígbà tí wọ́n ti gbé abọ́ wọn lọ tipẹ́. Mo gbé e lọ síta, mo sì jókòó sórí àga mẹ́gáàdì mi.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. O mọ iye ìgbà tí mo ń tọ̀ lóru. O mọ ìgbà tí mo ń tòògbé lórí àga. Ọdún méjì ni o sì fi mọ ọkùnrin kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ká ní o ti dárúkọ yẹn fún mi, ṣé mi ò bá ti dìde gbà á lọ́nà?

Bùràímọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́. Ó ní ẹni tó dá obì padà ni yóò gbé òmíràn lọ bá ẹni tó ni í. Mo ní kó panu mọ́. Èmi, bàbá ọmọbìnrin, kí n gbé obì lọ sílé àwọn ọkọ? Wọ́n á ní mo ń kiri ọmọ mi. Àwọn tí mo ti ń bá parí ìjà láti ọjọ́ yìí wá, ojú wo ni wọn yóò fi wò mí? Ó ní, "Sámúẹ́lì, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Mo ní ọmọ yìí kì í ṣe tuntun, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kò rẹ́rìn-ín.

N kò jẹ obì. N kò mu omi lálẹ́. N kò sun ọ̀sán. Oorun sì ti tún dá.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kọkànlá, 1991

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ sílé ẹnikẹ́ni. N kò fẹ́ kí ẹ tẹ́ nítorí mi. Pius ṣì ń kí mi, àmọ́ kì í wá se tíì mọ́, n kò sì bi í léèrè.

Ẹ má fi tèmi ṣe àìsùn. Èmi ń sùn dáadáa. Mo ti fi bàtà Fọlákẹ́ rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì.

Salome


Natako, Lọ́kọ́jà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejìlá, 1991

Àbẹ̀ní mi,

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. O ní o ń sùn dáadáa. Láti kékeré ni mo ti mọ ìgbà tí o bá ń pirọrọ. O máa ń di ojú pọ̀ jù. Nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn, mo pe Fọlákẹ́, mo ní kó bá mi wá abọ́ ìyá rẹ, aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo lọ. Bùràímọ̀ bá mi lọ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Ilé kékeré kan ni wọ́n fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, àpótí ẹrù ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tó rí mi, kò dìde. N kò bá a wí. Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀ fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì ṣí i.

Mo ní, "Obì tí ẹ gbé wá sílé mi, èmi ni mo dá a padà. N kò mọ ohun tí ẹ bá wá. Ara mi ni kò yá."

Ó ní, "Kí ló ṣe yín, bàbá?"

Mo ní, "N kì í sùn."

 Ó wo Bùràímọ̀, Bùràímọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ìlú wa. Àwọn ayálégbé rẹ̀ rò pé mẹ́gáàdì ni." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọkùnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun wá síbí, òun náà kì í sùn, pé bí ìyàwó òun bá pè láti Ìlọrin, òun á ní òun ń sùn. Ó sún àga mọ́ mi nígbà náà.

Àmọ́ kò tíì tán. Ó ní, "Ìyá Pius yóò bi mí bóyá ẹ jẹ ẹ́. N kò ní lè sọ fún un pé ńṣe ni ẹ kàn fi ọwọ́ kàn án." Bùràímọ̀ gbàdúrà sí i, ó ní obì á bi ikú, á bi àrùn. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì pa á. Mo mú awẹ́ kan, mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀. Ó na èkejì sí mi, mo jẹ ẹ́. Salome, ó dùn. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ọ. Ó ní òun yóò pe ìyá Pius lọ́la, òun yóò sì pe Pius fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, ó sìn mí dé títì, ó ní, "Àna mi, ẹ rọra o."

Gbogbo ilé ti sùn báyìí. Ojú mi mọ́ kedere, ọkàn mi ń sáré, mo sì mọ̀ pé n kò ní fojú kan oorun lónìí. Ìwọ náà wà lójúfò níbi iṣẹ́ rẹ ní àkókò yìí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lajú sílẹ̀ lásán. Tòní kì í ṣe lásán. Kí n tó dìde wá kọ ìwé yìí, mo dùbúlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo kọjú sí àyè ìyá rẹ, mo sọ fún un pé a ti rí àna.

Bá mi kí Pius. Sọ fún un pé nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ń bọ̀ wá tọrọ rẹ ní gbangba, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá láàárọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sámúẹ́lì Bámiṣayé